Kí ni optometrist tó bá di aṣáájú ń ṣe gan-an? Àlàyé lórí awò, òfin àti ìwé àṣẹ

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò SPECS 2030 ní Geneva, ọ̀rọ̀ awò ojú kì í ṣe ohun tí oníkálùkù ń dá wá fún ara rẹ̀ mọ́. Ó ti di ohun tí ìjọba ń jíhìn lé lórí. Àfojúsùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2021 ni pé, kó tó di 2030, ìdá àwọn tó nílò awò tí wọ́n sì rí èyí tó bá ojú wọn mu gbọ́dọ̀ fi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ibi tó wà lọ. Ibi tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ kò ga rárá. Nínú àwọn tí kò rí ọ̀nà jíjìn nítorí pé ojú wọn nílò awò, ìdá 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní awò tó tọ́.

Ẹ wo bí ìṣòro náà ṣe pín. Ìṣirò WHO sọ pé ó kéré tán, èèyàn bílíọ̀nù 2.2 ni ìríran wọn ní àbùkù, àti pé nínú wọn, ó kéré tán bílíọ̀nù kan ni ìṣòro tiwọn ṣeé dènà tàbí tí wọn kò tíì rí ìtọ́jú. Nínú bílíọ̀nù kan yìí, mílíọ̀nù 826 ni àwọn tí àgbà dé sí ojú wọn, tí wọn kò rí ohun tó sún mọ́ wọn mọ́. Awò ìkàwé ni ìtọ́jú wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù 94 ni cataract ń dà láàmú, ìyẹn nígbà tí lẹ́ńsì inú ẹyinjú bá di bàìbàì títí ìmọ́lẹ̀ kò fi rí ọ̀nà kọjá. Àwọn tí glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, ti ba ojú wọn jẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 7.7. Abẹ ni cataract ń fẹ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìṣòro yìí kò fẹ́ abẹ. Àyẹ̀wò tó péye àti awò ló ń fẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ optometrist, ẹni tó ń yẹ ojú wò tó sì ń kọ awò, wà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣáájú nínú iṣẹ́ optometry fi gba àfiyèsí lásìkò yìí. Nígbà tí wọ́n bá fi àmì ẹ̀yẹ dá ọ̀kan nínú wọn lọ́lá fún iṣẹ́ takuntakun tó ṣe fún ìtọ́jú ojú, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iye aláìsàn tó ti wò ni wọ́n kà. Kì í ṣe ìyẹn. Optometrist tó mọṣẹ́ lè wo ogún èèyàn lójúmọ́ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì, kó má sì ṣáájú ẹnikẹ́ni. Aṣáájú ni ẹni tó ṣe é tí irú àyẹ̀wò tí òun ń ṣe nínú yàrá tirẹ̀ fi di ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè rí gbà lọ́dọ̀ optometrist èyíkéyìí, níbikíbi. Òfin, ẹ̀kọ́, ìwé àṣẹ àti ìṣirò ni irinṣẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò dùn ún wò, nítorí inú yàrá ìpàdé ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ta ń ṣe kí ni?

Àwọn èèyàn máa ń pe gbogbo wọn ní dókítà ojú, èyí sì wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ophthalmologist kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn gbogbo ara, kó tó wá gba ẹ̀kọ́ ojú lé e. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Optometrist kọ́ ojú àti ìríran láti ìbẹ̀rẹ̀, ní yunifásítì, fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ní ọ̀pọ̀ ibi. Òun ló ń yẹ ojú wò, tó ń kọ awò, tó ń fi lẹ́ńsì sí ojú, tó sì ń dá àìsàn ojú mọ̀. Optician ló ń gba ìwé awò náà, tó ń wọn férémù, tó sì ń rí i pé awò jókòó sí ibi tó yẹ lójú oníbàárà.

World Council of Optometry, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1927, pín ohun tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè ṣe sí ìpele mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ṣíṣe awò àti títà á. Èkejì ni yíyẹ bí ojú ṣe ń ríran wò àti kíkọ awò. Ẹ̀kẹta ni dídá àìsàn ojú mọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fífi oògùn tọ́jú àìsàn náà. Ní orílẹ̀-èdè kan, optometrist wà ní ìpele kẹrin. Ní òmíràn, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò kọjá èkejì, nítorí òfin ibẹ̀ kò gbà á láyè tàbí nítorí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọ. Ohun àkọ́kọ́ tí aṣáájú gbọ́dọ̀ dá lójú ara rẹ̀ ni ìpele tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà gan-an. Ìpele tí wọ́n fẹ́ kí aráyé máa rò pé àwọn wà kò já mọ́ nǹkan.

Ìjà òfin kò bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, ní New York, Charles Prentice, tó ń yẹ ojú wò tó sì ń ta awò, bẹ̀rẹ̀ sí gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó awò. Àwọn ophthalmologist ìgbà náà fárígá. Wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ìmọ̀, pé ọjà ni kó máa tà. Prentice kò gbà. Ó wà lára àwọn tó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ láti béèrè fún òfin tó máa dá iṣẹ́ náà mọ̀. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1924, gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti ní tiwọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1958 ló dá General Optical Council sílẹ̀, àjọ tó ń fún optometrist ní ìwé àṣẹ títí di òní.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ́ kó tó dé. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, Alden Haffner, optometrist kan ní New York, pe àwọn aṣáájú mélòó kan nínú iṣẹ́ náà jọ sí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú LaGuardia níbẹ̀. Ohun tí wọ́n jókòó lé lórí ni bóyá optometrist yóò máa tẹ̀ síwájú láìfọwọ́ kan oògùn kankan. Wọ́n fẹnu kò pé kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí ẹni tí kò lè fi oògùn la ọmọlójú kò lè rí ẹ̀yìn ojú dáadáa. Ní 1971, Rhode Island gba optometrist láyè láti lo oògùn fún àyẹ̀wò. Ní 1976, West Virginia gbà wọ́n láyè láti fi oògùn ṣe ìtọ́jú. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún mẹ́jọ tó wà láàárín ìpàdé náà àti òfin West Virginia. Ẹni tó bá ń wá òfin tuntun tó sì rò pé sáà kan ṣoṣo tí òun máa lò lórí oyè ààrẹ ẹgbẹ́ yóò tó, kò tíì mọ ohun tó ń bá wọlé.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú fi ń ṣubú kò ṣòro láti rí. Àwọn ẹgbẹ́ optometrist máa ń lọ bá àwọn aṣòfin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iyì: a kàwé, a yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pọ́n lé. Aṣòfin kò rí ìbò kankan nínú ìyẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àwòrán ilẹ̀ tó fi hàn pé ní àgbègbè báyìí, ophthalmologist kan ṣoṣo ló wà, optometrist mẹ́rìnlá wà, àwọn aláìsàn sì ń dúró fún oṣù mẹ́ta nítorí ojú pípọ́n tí ẹ̀kán oògùn kan lè wò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀kọ́ sílẹ̀: wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ nípa oògùn, aláìsàn mélòó ló wò lójú olùkọ́, ìdánwò wo ló yege. Bí ìwé yìí kò bá sí, kí wọ́n má tíì lọ. Ẹgbẹ́ tó béèrè fún àṣẹ oògùn kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣetán ń fún àwọn tó ń takò ó ní ohun ìjà.

Ibi kejì tí wọ́n máa ń gbàgbé ni àwọn tó ti ní ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun kò sọ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn di ẹni tó mọ oògùn lò. Òfin tó dára máa ń sọ pé kí irú wọn gba ẹ̀kọ́ àfikún, kí wọ́n ṣe ìdánwò, kí wọ́n tó gba àmì tuntun sórí ìwé àṣẹ wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè máa bá ti àtijọ́ lọ. Aṣáájú tó bá gbà kí wọ́n wọ gbogbo ènìyàn wọlé láìṣe ìdánwò, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè dìbò fún un, ti ta iṣẹ́ náà. Àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú oògùn steroid, tó ń mú kí ìfúnpá inú ojú ga tí wọn kò bá ṣọ́ ọ, ti tó láti da gbogbo akitiyan náà rú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ ká sọ láìfi bò. Ẹgbẹ́ optometrist yàtọ̀ sí àjọ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ti ẹgbẹ́ ni láti gbèjà àwọn ọmọ rẹ̀. Ti àjọ ni láti dáàbò bo aláìsàn, àní bó bá tiẹ̀ gba pé kó fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́. Níbi tí iye wọn kò pọ̀, ẹni kan náà ló sábà máa ń wà ní ipò méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, yóò di ẹni tó ń gbèjà, òun náà sì tún ni adájọ́. Kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó gba èkejì, kó sì jẹ́ kí ará ìta tí kì í ṣe optometrist wà lára àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́.

Inú yàrá àyẹ̀wò ni gbogbo rẹ̀ ń já sí

Òfin tó dára jù lọ kò wúlò bí awò tó jáde kò bá bá ojú mu. Nítorí náà ni ìwé ìlànà tó ń sọ ohun tí àyẹ̀wò kan kò gbọ́dọ̀ dín sí fi jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì fún aṣáájú. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, nítorí ibi kéékèèké ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: iṣẹ́ wo lò ń ṣe, kí ni o kò rí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ẹbí fọ́jú. Lẹ́yìn náà ni kíka lẹ́tà láti mítà mẹ́fà, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Bí ojú kan kò bá kà dé ibi tó yẹ, wọ́n á fún un ní ìbòjú tó ní ihò tíńtín kan, nǹkan bíi mílímítà kan àti díẹ̀. Bó bá ríran dáadáa sí i láti inú ihò yẹn, awò lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá yí padà, kí wọ́n máa wá àìsàn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìgbésẹ̀ yìí ń gbà, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fò nígbà tí èrò bá pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni retinoscope. Optometrist á tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú ojú láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67, á máa wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń rìn nínú ọmọlójú, á sì máa pààrọ̀ lẹ́ńsì títí ìrìn náà yóò fi dúró. Nítorí pé ó sún mọ́ aláìsàn, ó gbọ́dọ̀ yọ diopter 1.50 (diopter ni wọ́n fi ń wọn agbára lẹ́ńsì) kúrò nínú ohun tó rí. Bó bá dúró sí sẹ̀ǹtímítà 50, diopter 2.00 ló yẹ kó yọ. Ẹni tó sún mọ́lé láìmọ̀, tó sì ń yọ 1.50 bó ṣe máa ń yọ ọ́, yóò fi ìdajì diopter ṣìnà lójú gbogbo aláìsàn tó wò lọ́jọ́ náà. Okùn tí wọ́n fi wọn apá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló ń tún èyí ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ pé èwo ló hàn jù. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń tan optometrist. Tí wọ́n bá fi lẹ́ńsì tó ní àmì ìyọkúrò, ìyẹn irú èyí tó wà fún àwọn tí kò rí ọ̀nà jíjìn, kún un, lẹ́tà á kéré sí i, á dúdú sí i, ọmọ náà á sì ní ó dára. Kò dára, ojú rẹ̀ ló ń fi agbára fà á. Ìlànà ni pé kí wọ́n dúró sórí lẹ́ńsì tí ìyọkúrò rẹ̀ kéré jù lọ tí ó ṣì gbé e dé ìlà tó dára jù. Awò tó le ju bó ṣe yẹ ló sábà máa ń wà nídìí orí fífọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ awò tuntun. Fún àwọn ọmọdé, agbára ojú wọn pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kán oògùn tó ń mú un sinmi, bíi cyclopentolate ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì dúró fún ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ á kọ awò ọ̀nà jíjìn fún ọmọ tí ojú rẹ̀ ń fẹ́ òdìkejì.

Awò tí wọ́n kọ dáadáa ṣì lè bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ gígé. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àárín ọmọlójú méjèèjì, kí àárín lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan lè bọ́ síwájú ọmọlójú tirẹ̀. Prentice tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló kọ ìlànà tí gbogbo ayé ṣì ń lò fún èyí: fi sẹ̀ǹtímítà tí àárín lẹ́ńsì fi yà kúrò níbi tó yẹ ṣe ìlọ́po agbára lẹ́ńsì náà, èsì rẹ̀ ni iye prism, ìyẹn bí lẹ́ńsì ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí o ṣèèṣì kó sójú ẹni náà. Lẹ́ńsì diopter 5 tó yà ní mílímítà 4 yóò fún un ní prism 2. Bí ìyàkúrò náà bá jẹ́ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, èyí tó kéré sí ìyẹn ti tó láti jẹ́ kó máa rí nǹkan ní méjì. Àwọn tó ń sọ pé awò ń bà wọ́n lójú jẹ́ kò purọ́ nígbà mìíràn. Gígé ló ṣe wọ́n.

Àyẹ̀wò kò sì parí sórí awò. Kí wọ́n fi slit lamp, awò asọ-nǹkan-di-ńlá tó ní ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wo iwájú ojú, kí wọ́n wọn ìfúnpá inú rẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú. Mílímítà mẹ́kúrì mẹ́wàá sí mọ́kànlélógún ni wọ́n ń kà sí ìfúnpá tó wà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Glaucoma wà tí ìfúnpá rẹ̀ kò kọjá ogún rí, nítorí náà dandan ni kí wọ́n wo orí iṣan ojú. Àìsàn yìí kì í dunni, etí ìríran ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá gba awò ìkàwé lásán sì lè ti ní in.

Báwo ni aṣáájú ṣe ń jẹ́ kí gbogbo èyí máa ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí? Ó ń so ohun èlò tí yàrá kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní mọ́ ìwé àṣẹ. Ó ń jẹ́ kí ìsọdọ̀tun ìwé àṣẹ dúró lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà lọ́dún, kí ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Jíjókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta lẹ́ńsì kò tó. Ó ń jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ yẹ ìwé ẹlẹgbẹ́ wò: mú ìwé aláìsàn díẹ̀ láìyàn, wò ó bóyá wọ́n kọ ìfúnpá sí i, bóyá wọ́n wo ẹ̀yìn ojú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Iye awò tí wọ́n dá padà láti tún ṣe náà ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kórìíra tó èyí, a sì mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ há mọ́wọ́

Fún mílíọ̀nù 826 tó nílò awò ìkàwé, optometrist kò lè tó láé. Ibí yìí ni èrò wa ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìpìlẹ̀ máa fún àwọn èèyàn ní awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n ṣe kò gùn. Kí ẹni tó lé ní ogójì ọdún kọ́kọ́ ka lẹ́tà ọ̀nà jíjìn, ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú méjèèjì bá kà dé ìlà 6/12, ìyẹn ìlà tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá lè kà láti mítà méjìlá, tí òun ń kà láti mítà mẹ́fà, kí wọ́n gbé ìwé kíkà sí i lójú ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi diopter 1.00 fún ẹni ogójì ọdún ó lé, 1.50 tó bá ń sún mọ́ àádọ́ta, 2.00 sí 2.50 fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n dúró sórí èyí tó kéré jù tó fi lè kàwé. Ẹni tí kò bá kà dé 6/12, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n tàbí ń dùn ún, tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí glaucoma wà nínú ẹbí rẹ̀, optometrist ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Nínú ìwádìí PROSPER tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n fún àwọn tó ń já ewé tíì ní Assam, ní Íńdíà, ní awò ìwo-tòsí. Iṣẹ́ wọn fi ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè ju ti àwọn tí wọn kò tíì fún ní awò lọ. Ti àwọn tó lé ní àádọ́ta ọdún lọ sókè ní ìdá 31.6. Optometrist tó ń di awò ìkàwé mú mọ́ra nítorí owó rẹ̀ ń fi àkókò tó yẹ kó fi wo glaucoma ṣòfò.

Àwọn ètò ìta gbangba tí wọ́n ti ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ kan náà ní ààlà tiwọn. Awò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò fi ju ìdajì diopter yàtọ̀ síra wọn, tí astigmatism rẹ̀, ìyẹn àìdọ́gba bí ojú ṣe rí róbótó, kò sì kọjá 0.75. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gé tirẹ̀ fún un. Awò àlòkù tí wọ́n kó jọ láti ibòmíràn máa ń dà bí oore, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ọ̀kan tó bá ojú ẹnì kan mu, wọ́n á ti wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún, owó àti àkókò tí wọ́n fi yàn án á sì ti kọjá ti awò tuntun. Fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yan férémù fúnra rẹ̀. Awò tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀ á wà nínú àpò, kò ní dé ojú.

Ọ̀ràn ojú àwọn ọmọdé

Ìwádìí tí Brien Holden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2016 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fojú díwọ̀n pé tó bá fi máa di 2050, nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ayé ni kò ní rí ọ̀nà jíjìn láìlo awò. Holden, optometrist ọmọ Ọsirélíà tó kú ní 2015, jẹ́ ẹni tí ó yẹ ká wò nídìí ọ̀rọ̀ ìdarí. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí lẹ́ńsì ojú tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé sójú dáadáa, wọ́n sì fi owó tí ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń pa gbé ìtọ́jú ojú lọ síbi tí kò sí. Kovin Naidoo, optometrist ọmọ South Africa tí wọ́n ti fi sẹ́wọ̀n rí nítorí pé ó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, bá a ṣe iṣẹ́ náà ní Áfíríkà, ó sì padà wá darí ilé iṣẹ́ tí Holden fi sílẹ̀. Ohun tó fi wọ́n yàtọ̀ ni pé wọ́n wá orísun owó tí kò dúró lórí ìtọrẹ ọdọọdún.

Ní 2021, World Council of Optometry pinnu pé kíkọ awò tuntun lọ́dọọdún nìkan fún ọmọ tí kò rí ọ̀nà jíjìn kò tó mọ́. Ó ní kí optometrist máa kọ́ àwọn òbí ní bí wọ́n ṣe lè dín ewu kù, kó máa wọn bí ojú ṣe ń yí padà nígbà gbogbo àyẹ̀wò, kó sì máa fi ohun tó ń dín eré rẹ̀ kù tọ́jú rẹ̀, bíi lẹ́ńsì àkànṣe tàbí atropine, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, tí wọ́n là gan-an. Jíjẹ́ kí ọmọ wà níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà lára ohun tó dájú jù. Nínú ìwádìí kan ní Guangzhou tó jáde ní 2015, ogójì ìṣẹ́jú níta tí wọ́n fi kún ọjọ́ ilé ìwé mú kí iye àwọn tó kó sínú ìṣòro náà láàárín ọdún mẹ́ta jẹ́ 30.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 39.5. Kò sí optometrist tó lè pàṣẹ fún ilé ìwé láti inú yàrá rẹ̀. Aṣáájú ló gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́.

Lẹ́tà tí kò padà àti ìṣirò tí kò péye

Láàárín optometrist àti ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sọnù. Wọ́n fún un ní lẹ́tà, kò lọ. Tàbí ó lọ, kò sí ẹni tó kọ̀wé padà. Àdéhùn tó dára láàárín àwọn iṣẹ́ méjèèjì máa ń sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sùn di ọjọ́ kejì: kẹ́míkà tó ta sójú, tí wọ́n á kọ́kọ́ fi omi ṣàn lójú ẹsẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà tí nǹkan bí aṣọ ìkélé sì bo apá kan ìríran rẹ̀, ọmọdé tí ọmọlójú rẹ̀ ń funfun, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó tún ń sọ pé ẹni tó gba lẹ́tà gbọ́dọ̀ dáhùn. Níbi tí optometrist àti ophthalmologist ti ń bára wọn jà lórí òfin, àdéhùn yìí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn kí ọ̀rọ̀ agbára tó dé.

Ní ti ìṣirò, iye awò tí wọ́n pín kọ́ ni WHO ń béèrè. Wọ́n ń mú àwọn tí kò lè kà dé 6/12 láìlo awò, wọ́n ń wá mélòó nínú wọn ló ní awò tó sì ń kà dé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n wá ń pín èyí mọ́ gbogbo àwọn tí awò lè ràn lọ́wọ́. Ẹni tó ní awò tí kò bá ojú rẹ̀ mu mọ́ kò sí lára àwọn tó ti rí ìtọ́jú. Ètò tó pín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá awò lè ṣàìgbé ìdá yìí sókè rárá bí àwọn tó gbà á bá ti ní awò tó dára tẹ́lẹ̀, tàbí bí wọn kò bá wọ̀ ọ́. Ilé-dé-ilé ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Ìwé ilé ìwòsàn kò lè sọ ọ́, nítorí àwọn tó wá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba ló máa ń ní owó fún awò, tí wọn kì í ní fún kíkà. Nítorí náà, aṣáájú ẹgbẹ́ tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ojú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó ìwádìí náà wọ ìwé ìnáwó ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un ṣe kó tó di 2030, kó sì jẹ́ kí wọ́n ya ti obìnrin àti ọkùnrin sọ́tọ̀, kí wọ́n ya ti ìgboro àti ìgbèríko sọ́tọ̀, nítorí ìdá kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè lè ga nígbà tí ti ìgbèríko kò tíì kúrò níbi tó wà.